A fẹ́ dá owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìrántí bàbá wa: kí ni kí a ṣọ́ra fún?

Ọmọ Tíṣà béèrè pé:

Mo kí gbogbo ilé o. Bàbá wa, tí wọ́n fi ọdún 32 kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò, jáde láyé ní ọdún tó kọjá. Kí a tó parí ètò ìsìnkú ni àwọn tí wọ́n kọ́ níwèé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kọ ọ́ mọ́ owó tirẹ̀ pé kí a fi ṣe ohun tí orúkọ Tíṣà kò fi ní parẹ́. Àwa ọmọ márààrún dá tiwa lé e, a sì fi ẹnu kò pé owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ni a óò fi dá sílẹ̀ ní ìrántí wọn.

Láti ìgbà náà ni ẹnu wa kò ti tún kò lórí ohunkóhun mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà fẹ́ kí a tọ́jú ojú owó, kí ó sì jẹ́ pé èlé rẹ̀ nìkan ni a óò máa ná títí ayé. Ẹni tó tẹ̀lé wọn sọ pé èlé náà kò ní tó ra ìwé. Ẹ̀gbọ́n àgbà tún fẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọmọ tí ó bá gba máàkì tó ga jù lọ nínú ìṣirò, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí bàbá wa ti ṣiṣẹ́ nìkan, ni yóò máa jẹ àǹfààní náà, àti pé ẹbí ni yóò máa yan ọmọ ọ̀hún. Ní báyìí, inú àkáǹtì àbúrò wa obìnrin ni gbogbo owó náà wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí ni ẹ mọ̀ tí àwa kò tí ì mọ̀?

Akápò Àtijọ́ fèsì pé:

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, àbúrò mi. Ọlọ́run yóò tẹ́ Tíṣà sí afẹ́fẹ́ rere. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ akápò fún owó tí ẹbí kan fi sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ àkáǹtì ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó owó náà kúrò lórúkọ àbúrò yín ní kíá. N kò fi ẹ̀sùn kan ọmọlúàbí kankan. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dé, tàbí gbèsè, tàbí tí ilé bá tú, owó ẹni tí ó ni àkáǹtì ni òfin yóò kà á sí, àwọn tí wọ́n fi owó ránṣẹ́ kò sì ní rí ẹni bi.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ẹ lè fi orúkọ àjọ tiyín sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí ẹ ní àwọn alágbàtọ́, kí ẹ máa ṣe àyẹ̀wò ìwé owó lọ́dọọdún, kí ẹ sì máa ròyìn fún ìjọba. Iṣẹ́ ńlá ni, owó kékeré kò sì lè gbé e. Tàbí kí ẹ fà á lé àjọ ìtọrẹ kan tó ti wà nílẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí ń kó owó ọ̀pọ̀ ẹbí pọ̀ sójú kan láti fi dókòwò, ṣùgbọ́n tí ó ń ṣe ìṣirò ti ẹbí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú orúkọ olóògbé lórí rẹ̀. Wọn yóò yọ owó iṣẹ́ tiwọn lọ́dọọdún. Ẹ bi wọ́n pé mélòó ni, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀.

Ní ti kí a máa ná èlé títí ayé, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí Tíṣà ì bá ti ṣe é. Ká ní owó yín jẹ́ 100,000, tí òwò tí a fi ṣe sì ń mú èrè ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún wọlé lọ́dún. Ẹ kò lè ná ìdá 7 yẹn tán, nítorí bí ọjà bá ń gbówó lórí ní ìdá 3 lọ́dọọdún, ìdá 3 nínú èrè náà gbọ́dọ̀ padà sínú ojú owó kí agbára rẹ̀ má baà yọ́. Ohun tí ó kù fún ọmọléèwé jẹ́ ìdá 4, ìyẹn 4,000. Lọ́nà mìíràn, iye tí ẹ bá fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún, ẹ ní láti ní ìlọ́po rẹ̀ 25 nílẹ̀. Nítorí pé òwò a máa lọ sókè sódò, ọ̀pọ̀ àjọ kì í wo iye tí owó jẹ́ lónìí nìkan kí wọ́n tó yọ ìdá náà. Wọ́n máa ń fi ti ọdún mẹ́ta ṣe àròpọ̀, wọn a sì pín in sí mẹ́ta, kí ọdún burúkú kan má baà ti ọmọ jáde nílé-ẹ̀kọ́.

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù nínú ohun tí ẹ kọ ni ìwé àdéhùn ẹ̀gbọ́n yín. Benjamin Franklin, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀, tí ó kú ní ọdún 1790, fi 1,000 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún ìlú Boston àti 1,000 mìíràn fún ìlú Philadelphia níbẹ̀, pé kí wọ́n máa yá a fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ti gbéyàwó, tí wọn kò tí ì pé ọmọ ọdún 25, tí wọ́n sì ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ní èlé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, fún 200 ọdún. Owó náà dàgbà lóòótọ́, nítorí nígbà tí yóò fi di ọdún 1990, ti Boston ti lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là, ti Philadelphia sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2. Àwọn tí a sọ pé kí a yá ni kò sí mọ́. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ dé, kíkọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá dín kù, ọ̀dọ́ tí ó bá gbogbo àpèjúwe yẹn mu wá wọ́n bí ojú. Bí ọlọgbọ́n tó Franklin kò bá lè rí ọgọ́rùn-ún ọdún síwájú, ẹ̀gbọ́n yín kò lè rí i. Ilé-ẹ̀kọ́ a máa yí orúkọ padà, wọ́n a máa dà á pọ̀ mọ́ òmíràn, ó sì lè kógbá sílé.

Irú ìṣòro yìí ni Frederick Goff, lọ́yà tí ó di ọ̀gá báńkì, rò mọ́ ìdí nígbà tí ó dá àjọ ìtọrẹ ìlú Cleveland sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1914: ẹni tí ó fi owó sílẹ̀ yóò sọ ohun tí ó fẹ́, ṣùgbọ́n bí ohun náà bá di aláìwúlò tàbí tí kò ṣeé ṣe mọ́, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú láṣẹ láti gbé e lọ síbi tí ó súnmọ́ èrò rẹ̀ jù lọ. Ẹ fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú tiyín. Ìlà kan péré ni, ìlà yẹn náà ni àwọn ẹbí kì í fẹ́ kọ.

Ọ̀tọ̀ Ni Tèmi fèsì pé:

Mo bọ̀wọ̀ fún Akápò, ṣùgbọ́n ìṣirò tí wọ́n ṣe yẹn gan-an ló gbè mí lẹ́sẹ̀. Ẹ ní 100,000 nílẹ̀, ẹ ń fún ọmọ ní 4,000, 100,000 náà ṣì jókòó sínú òwò, ọmọ mìíràn sì fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà. Ta ni a ń tọ́jú níbẹ̀, ọmọléèwé ni àbí orúkọ? Ẹ pín owó náà sí ọdún mẹ́wàá, kí ẹ ná an tán, kí ẹ sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá a lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n wà láàyè. Irving Fradkin, oníṣègùn ojú kan ní ìlú Fall River ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, kò ní owó ńlá kankan nílẹ̀ ní ọdún 1958. Ohun tí ó ṣe ni pé ó bẹ àwọn ará ìlú rẹ̀ kí olúkúlùkù mú dọ́là kan wá fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ìlú. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Dollars for Scholars ti tàn dé ìlú mìíràn, tí ó sì di àjọ tí a mọ̀ sí Scholarship America lónìí. Àwọn ọmọ tí bàbá yín kọ́ ti fi owó ránṣẹ́ láìbéèrè. Bí ẹ bá bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ ìbí Tíṣà, wọn yóò mú un wá.

Mo Jẹ Níbẹ̀ fèsì pé:

Ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá, ẹ̀gbọ́n. Èmi wà ní apá kejì ọ̀rọ̀ yìí, nítorí irú owó bẹ́ẹ̀ ni mo fi parí ẹ̀kọ́ mi. Lẹ́tà tí ó sọ fún mi pé wọ́n yàn mí dé ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìwọlé, nígbà tí mo ti yá owó ilé gbígbé. Mo dúpẹ́, mo sunkún ayọ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú lẹ́tà náà dé ọ́fíìsì tí ń bójú tó owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, obìnrin tí ó wà lórí kàǹtà kà á, ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí mi: iye tí ẹbí náà fún mi gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ yọ kúrò nínú ìrànwọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣèlérí fún mi. Èmi kò jèrè kọ́bọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹbí náà ràn lọ́wọ́ láìmọ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà ó pọ̀ débi pé ìpínlẹ̀ Maryland ṣòfin ní ọdún 2017 láti dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lẹ́kun rẹ̀, òun sì ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ń lọ bóyá wọn yóò dín ìrànwọ́ tiwọn kù. Bí wọ́n bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè fi tiyín dí àlàfo tí tiwọn kò kárí, bí ìwé, ọkọ̀ wíwọ̀ àti kọ̀ǹpútà, tàbí kí wọ́n fi dín owó tí ọmọ náà ì bá yá kù. Ẹ san án kí wọ́n tó wọlé. Ẹ má sì ṣe fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rìnlá fún owó tí kò tó nǹkan. Ọmọ tí ó nílò rẹ̀ jù ni kò ní ráyè kún un, nítorí ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá Ìgbìmọ̀ fèsì pé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, Akápò àti Ọ̀tọ̀ Ni Tèmi kò ta ko ara wọn tó bí wọ́n ṣe rò. Oseola McCarty, alágbàfọ̀ ní ìlú Hattiesburg ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọmọdé láti tọ́jú àǹtí rẹ̀ tí ó ń ṣàìsàn, ó sì fi èyí tó kù nínú ayé rẹ̀ fọ aṣọ àwọn ẹlòmíràn títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Nígbà tí ó fẹ́ pín owó tí ó ti tọ́jú, òṣìṣẹ́ báńkì to owó ẹyọ mẹ́wàá síwájú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà, kí ó lè fi ojú rí i. Ó fi ẹyọ kan fún ìjọ rẹ̀, mẹ́ta fún àwọn ẹbí, ó sì ti mẹ́fà tó kù sí ọ̀dọ̀ yunifásítì Southern Mississippi. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún 1995, iye tí ẹyọ mẹ́fà yẹn dúró fún jẹ́ 150,000 dọ́là. Àwọn ará ìlú gbọ́, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn lé e.

Ẹ̀yin náà, ẹ to ẹyọ mẹ́wàá sórí tábìlì. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n àgbà iye tí yóò wà títí, ẹ bi ẹni tó tẹ̀lé wọn iye tí ọmọ tọdún yìí yóò jẹ. Ẹ óò rí i pé ìjà náà yóò rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹbí máa yan ọmọ, ẹ má dán an wò. Lẹ́yìn ọdún kejì, ọmọ ọ̀rẹ́ yín yóò wà nínú rẹ̀, ọmọ àna yín náà yóò wà níbẹ̀, ẹni tí ẹ kò bá yàn yóò sì di ọ̀tá. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 ti sọ ọ́ pé, bí owó bá wà lábẹ́ àjọ tí olùfowósílẹ̀ kàn ń gbà nímọ̀ràn, òun àti àwọn tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ní àṣẹ lórí ìgbìmọ̀ tí ń yan akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìgbìmọ̀ tiwa, tí ń yan akẹ́kọ̀ọ́ fún owó ẹbí kan, ẹnì kan ṣoṣo láti inú ẹbí náà ló ń jókòó pẹ̀lú wa, akọ̀wé a sì máa fi bébà funfun lẹ orúkọ àti àdírẹ́sì lórí fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbé e síwájú wa. Ní ọdún kan, ìyàwó ilé ẹbí náà fi ọwọ́ tú etí bébà kan díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń họ nǹkan. A dá ìpàdé dúró. Kò sí ẹni tó bínú sí i, ẹ̀dá ni.

Ọmọ Tíṣà padà wá kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin tèmi. A to ẹyọ mẹ́wàá náà lóòótọ́: mẹ́fà yóò wà títí, mẹ́rin ni a óò ná láàárín ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, a ó sì máa rán àwọn ọmọ tí bàbá wa kọ́ létí lọ́dọọdún. Àbúrò wa ti kó owó kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, ó ní òun kò tilẹ̀ sùn dáadáa láti ìgbà tí ó ti wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ yóò ní ènìyàn márùn-ún, ẹnì kan péré ni yóò ti ọ̀dọ̀ wa wá.

Máàkì tó ga jù lọ nìkan ni ẹ̀gbọ́n àgbà kọ̀ láti fi sílẹ̀, títí a fi rí ìwé kékeré kan nínú àpótí bàbá wa. Orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n ti bá san owó ilé-ẹ̀kọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni ló wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ máàkì ìṣirò oníkálukú sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀: 41, 38, 52, 36. Nínú gbogbo máàkì tó wà níbẹ̀, ọ̀kan péré ló kọjá 60. Ẹ̀gbọ́n wa kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò sọ̀rọ̀, wọ́n fa ìwé àdéhùn súnmọ́ ọ̀dọ̀ ara wọn, wọ́n sì fi bírò gba orí gbólóhùn náà kọjá. A ń lọ bá àjọ ìtọrẹ kan ní ọjọ́ Ajé.