Èsì: “Agunmi”: “a-” yẹn gan-an ni ìjà wa

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo ilé.

Àǹtí òǹkọ̀wé wa fi orí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ìtàn tuntun wọn ránṣẹ́, wọ́n ní ká sọ èyí tó dùn mọ́ wa àti èyí tó dùn wá. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ kan péré la dì mú: “agunmi” (“a-”, gun àti omi), orúkọ tí wọ́n fún àwọn tó ń bá ọ̀sà Èkó mulẹ̀ nínú ìtàn náà, láti Ẹ̀bútẹ́ Èrò títí dé Mákòkó. Ìtàn ọ̀hún fúnra rẹ̀, ẹnu ẹnikẹ́ni kò tíì kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ìjà “u” àti “o” kúrò lọ́nà. Bàbá wa olùkọ́ ní “agomi” ló yẹ kó jẹ́, nítorí pé gun ẹṣin ló di agẹṣin, pa ẹja ló di apẹja, bu omi ló di bomi; fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń pajẹ, ìyẹn ni pé òun ló ń bọ́ sọnù. Àbúrò wa ọmọ Yábàá dáhùn pé tu ọkọ̀ di atukọ̀, wa ọkọ̀ di awakọ̀, pọn omi di apọnmi. Fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-orúkọ ló lọ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jàre. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá fi “i” bẹ̀rẹ̀, “i” náà ló sábà máa ń lọ: kọ̀wé, gúnyán, gbéyàwó. (Ṣiṣẹ́ ni alágídí tó kọ̀.) Fáwẹ̀lì yòókù kò ní òfin tó dúró sójú kan. Bomi àti pọnmi, omi kan náà ló wà nínú méjèèjì, etí àwọn tó ń sọ ọ́ ló yan èyí tó máa ṣẹ́kù. Ẹni tó bá ní òun ní òfin ìpajẹ tó kó gbogbo wọn, kó gbé e wá ká rí i.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ni “a-”. Ẹ wo orí kejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́: “Agunmi náà kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà. Omi gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè, ó dé orúnkún, ó dé àyà, ó dé orí. Ohùn tó ti ẹnu rẹ̀ jáde kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, kò rántí nǹkan kan.”

Ta ló gun ta níbí? Omi ló gun èèyàn. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “a-” olóhùn àárín, olùṣe ló ń tọ́ka sí. Ẹ tú u sí gbólóhùn, ẹ ó rí i: apẹja, ó ń pa ẹja, atukọ̀, ó ń tu ọkọ̀, agbẹjọ́rò, ó ń gba ẹjọ́ rò. Agunmi, ó ń gun omi. Bó bá jẹ́ pé gígun omi la ń wá, àwọn ọmọ tó ń fi pátákó sáré lórí ìgbì ní Tarkwa Bay lẹ ti fún lórúkọ yẹn, ó sì bá wọn mu wẹ́kú. Kò bá ẹni tí omi gbà lẹ́nu sọ̀rọ̀ mu.

Bàbá wa olùkọ́ ti fèsì sí èyí kí n tó kọ ọ́ tán, wọ́n ní: “Afọ́jú ń kọ́? Ojú ta ni afọ́jú fọ́? Adití ń kọ́?” Ìbéèrè gidi nìyí, ó sì ju ohun tí àwọn yòókù ń pariwo lé lórí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe níbẹ̀. Ojú ni, etí ni: ẹ̀yà ara ẹni tí à ń sọ. Ojú rẹ̀ ló fọ́, etí rẹ̀ ló di. Ẹ ò lè fi ọ̀nà yẹn sọ pé “omi rẹ̀ ló gùn”, nítorí ọ̀sà kì í ṣe ẹ̀yà ara agunmi. Bí Àǹtí bá fẹ́ kí ọ̀sà jẹ́ ẹ̀yà ara rẹ̀ ní orí kẹwàá, ìyẹn á di ọ̀rọ̀ mìíràn, mo sì máa gbà.

Bàbá wa olùkọ́ tún ní àwọn àgbà ìgbà tiwọn kì í da ọ̀rọ̀ pọ̀ báyìí. Ta ló wá da asọ̀rọ̀mágbèsì pọ̀? Ta ló da amóhùnmáwòrán pọ̀? Àwọn àgbà yẹn náà ni. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ ni wọ́n fún lórúkọ, síbẹ̀ “a-” ṣì ń ṣe iṣẹ́ olùṣe: ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì, ó ń mú ohùn, ó ń mú àwòrán. Àwọn tó dá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn mọ ohun tí “a-” wà fún.

Ẹlòmíràn ní ká kàn fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i, kó di “àgunmi”. Ẹ gbà mí o! “A-” àti “à-” kì í ṣe ọmọ ìyá. Ohun tí iṣẹ́ bí ni “à-” ń mú jáde: àkọsílẹ̀ ni ohun tí a kọ sílẹ̀, àfikún ni ohun tí a fi kún un, àgúnmu ni èyí tí a gún tí a sì ń mu. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e lọ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ka “agunmi” lórí fóònù láìsí àmì, lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi jìnnà sí àgúnmu, á rò pé àwọn eléwé ọmọ ọjà Jankárà ni ìtàn yìí ń polówó ọjà fún.

Ọ̀rọ̀ tí à ń wá wà nílẹ̀ tipẹ́: ẹlẹ́gùn, ẹni tí òrìṣà máa ń gùn. “Oní-” ló wà níwájú ibẹ̀ (ó ti di “ẹlẹ́-”), “oní-” kì í sì í sọ ẹni tó ṣe nǹkan, ẹni tí nǹkan wà lọ́rùn rẹ̀ ló ń sọ. Ẹ bi onígbèsè. Ẹlẹ́gùn-ọ̀sà yóò sọ ohun tí orí kejì sọ, láìku ẹyọ kan: ìkúnlẹ̀, ohùn àjèjì, àìrántí.

Àbúrò Yábàá ní ti Ṣàngó ni ẹlẹ́gùn, pé kò yẹ ká fi í sínú ìtàn àròsọ. N kò rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà jáde ní 1938, kò dá irúnmalẹ̀ sílẹ̀, ilé ló ti bá a. Orúkọ àwọn ọdẹ rẹ̀ ló wá dà pọ̀, “oní-” kan náà ló sì fi ṣe é: Oníkùmọ̀-ẹkùn, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ. Níbi tí “n” ti yẹ kó dúró, ó dúró. Níbi tí fáwẹ̀lì ti sọ ọ́ di “l”, ó di “l”. Kò sẹ́ni tó nílò àlàyé lẹ́yìn ìwé.

Ẹlẹ́gùn náà ní àléébù tirẹ̀ o. Ẹ yọ àmì kúrò, “elegun” lè jẹ́ ẹlẹ́gùn-ún, oní-ẹ̀gún tó ń gún ni lẹ́sẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé àwọn Ègùn Mákòkó ló ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ ní orí kẹta, ẹni tó ń kánjú kàwé á so wọ́n pọ̀. Nítorí náà, Àǹtí, ẹ kọ ẹlẹ́gùn-ọ̀sà lódindi nígbà àkọ́kọ́ ní orí kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó gé e kúrú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹlẹ́gùn àti Ègùn wà nínú gbólóhùn kan náà.

“Ìkúnsà” tí ẹ lò fún ìgbà tí omi bá ga: ẹ tú ìsúnkì yẹn. Kún ọ̀sà tó sún kì di kúnsà, ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ ló ní, bíi pé ẹnìkan ló ń da nǹkan kún ọ̀sà. (Àwọn tó ń fi yanrìn dí ọ̀sà láti kọ́ ilé lé e ni yóò gbà á.) Ìkún-omi la mọ̀ láti ìgbà Nóà, ọ̀rọ̀-orúkọ méjì ló fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ìkún-ọ̀sà ni kẹ́ ẹ kọ.

“Ìgbà iyọ̀” àti “ìgbà omi-dídùn” dára púpọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ọ̀sà Èkó ṣe ń ṣe nìyẹn lóòótọ́: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọlé, omi á níyọ̀, bí òjò bá dé, àwọn odò á ti iyọ̀ náà padà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ tún orí kẹta kà. Ẹ ní koríko ojú omi bo ọ̀sà pitimu, ọkọ̀ kò rí ọ̀nà, ẹ sì ní ìgbà iyọ̀ ni. Koríko yẹn, tó gba ìhà Pọ́tó-Nóvò wọ ọ̀dọ̀ wa ní àwọn ọdún 1980, kò lè fara da iyọ̀. Ó máa ń rà ni. Ẹ sún ìran náà sí ìgbà omi-dídùn, tàbí kí ẹ jẹ́ kí koríko tó wà láàyè nínú iyọ̀ jẹ́ àmì pé nǹkan ti bàjẹ́ lábẹ́ omi. Èyí kejì ni mo fara mọ́.

Ẹni tó ń kọ “aiye” àti “enia” dípò “ayé” àti “ènìyàn”, tó ní ìgbìmọ̀ àkọtọ́ Yorùbá ti 1974 ló ba èdè jẹ́, ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ náà. “Oshodi” tó wà lára dáńfó, tí wọ́n fi “sh” kọ dípò “ṣ”, kì í ṣe ẹ̀rí.

Kẹ́ ẹ tó fún ẹni tó ń ya èèpo ìwé ní iṣẹ́, ẹ ní kó tẹ “ẹlẹ́gùn” sí fọ́ǹtì tó fẹ́ lò, kẹ́ ẹ sì sún un tóbi wò. “Ẹ” ní àyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní. Àmì òkè yẹn ń wọlé lọ́tọ̀ ni, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ẹlẹ́wà á sì gbé e sórí lẹ́tà tó tẹ̀lé e, tàbí kó di àpótí ṣófo. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, fọ́ǹtì ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, kì í ṣe àmì.