Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ẹja yíyan àti èso tútù
Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè ìdí tí awọ ẹja fi ń lẹ̀ mọ́ wáyà tí mo fi ń yan án, tí èso gígé tí mo fi ń jẹ ẹ́ sì ń di omi. Ìmọ̀ràn tí ó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí n nu ẹja náà gbẹ, kí n fi òróró pa á lára, kí wáyà sì gbóná dáadáa kí n tó gbé e lé e. N kò yí i títí awọ rẹ̀ fi pọ́n, tí ó sì fúnra rẹ̀ ṣí kúrò; ẹni tí ó bá kánjú yóò kàn fi awọ sílẹ̀ lórí wáyà ni. Nígbà tí inú rẹ̀ gbóná dé 63°C, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ní ti èso, máńgòrò, àlùbọ́sà, ata àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo pò pọ̀, ìgbà tí a fẹ́ jẹun gan-an ni mo sì tó fi iyọ̀ sí i, nítorí iyọ̀ ni ó ń fa omi jáde. Ọ̀pẹ̀yìnbó náà dára (èmi tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ jù), àmọ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ lára ẹja, torí èròjà inú rẹ̀ a máa sọ ẹran di jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ìbéèrè mi ti yanjú.