Ìwé ìpíngún kọ́, ìwé ìhágún ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún ilé iṣẹ́ lọ́yà kan ní Lọ́ńdọ̀nù béèrè ohun tí a ó máa pe wíìlì lédè wa, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń sọ ẹni tó máa gba ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn tó ti dáhùn fara mọ́ "ìwé ìpíngún". Èmi ò bá wọn lọ, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ ná. "Wọ́n jókòó, wọ́n pín in": à ń sọ ọ́, olóhun ò sì sí níbẹ̀. Ta ló ń sọ pé "wọ́n jókòó, wọ́n há a láàárín ara wọn"? Ẹni tó ni nǹkan ló ń há a. Bí olóògbé ò bá sọ nǹkan kan, ẹbí ló ń pín ogún, ní ìdí-igi (ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyá kan) tàbí ní orí-ò-jorí (ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan). Privy Council, kóòtù ìkẹyìn fún ẹjọ́ wa nígbà náà ní Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá gbà ní 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, pé ìdí-igi ṣì ni òfin Yorùbá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìpíngún tiwọn: bí ẹnìkan bá kú láìhágún, òfin 1925 ló ń bá a pín in. Láti oṣù keje 2023, ọkọ tàbí aya ló ń kó ẹrù inú ilé àti £322,000 àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìdajì ìyókù. Àwọn ọmọ a pín ìdajì kejì. Tí a bá wá pe wíìlì ní ìpíngún, kí la ó pe èyí? Ẹ jẹ́ kí ìhágún jẹ́ ti olóhun, kí ìpíngún jẹ́ ti òfin.

Ẹ má sì kàn kọ "ìyàwó" sínú ìwé pélébé náà. Àwọn èèyàn wa ń ṣe ìdána ní gbọ̀ngàn ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò dé rẹ́jísìrì tí ìjọba ti ń so ìgbéyàwó. Gbogbo ayé ń pè é níyàwó. Lójú òfin ibẹ̀ kì í ṣe aya, kò sì ní ìpín kankan bí ọkọ bá kú láìhágún, àfi kó gba kóòtù lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni "ẹlẹ́rìí". Lọ́dọ̀ tiwa, ẹlẹ́rìí ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Ta ló sì yẹ kó ṣojú rẹ̀ ju àkọ́bí lọ? Òfin wíìlì Gẹ̀ẹ́sì ti 1837 ní kí ẹni méjì jọ wà níbẹ̀ nígbà tí olóhun bá ń buwọ́ lùwé, kí àwọn náà buwọ́ lù ú. Wọn ò ní láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá há nǹkan fún ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí, tàbí fún ọkọ tàbí aya rẹ̀, ìwé dúró, ẹ̀bùn yẹn dòfo. Bàbá tó ra fọ́ọ̀mù, tó pe ọmọ méjì wá "jẹ́rìí", ti fọwọ́ ara ẹ̀ gba ogún lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ "ẹlẹ́rìí ìbuwọ́lùwé", kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé.

Nítorí irú èyí ni mo ṣe gbà pé bí ilé iṣẹ́ lọ́yà bá ní kí "akọ́ṣẹ́mọṣẹ́" báni kọ wíìlì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpolówó lásán. Ní 1979, kóòtù kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a pé kí lọ́yà sanwó fún obìnrin kan tó pàdánù ogún, torí pé ọkọ rẹ̀ buwọ́ lu wíìlì náà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, lọ́yà ò sì kìlọ̀. Bí olóhun bá fúnra rẹ̀ kọ ọ́, ta ni àwọn ọmọ fẹ́ mú? Àmọ́ ẹ má pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yìí ní agbẹjọ́rò. Kò rojọ́ kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹjọ́ má wáyé. "Lọ́yà" ti tó.

Fún ẹni tí wíìlì yàn pé kó mú un ṣẹ, ẹnìkan dábàá "àrólé". Rárá o. Àrólé ń jogún ipò bàbá. Ẹni tí wíìlì yàn lè jẹ́ àlejò tí kò ní pẹ́nì kan níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò "amóhùnṣẹ", ọmọ mi obìnrin ní ó dún bí amóhùnmáwòrán tó bàjẹ́. "Amọ́rọ̀ṣẹ" ńkọ́? Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Èkìtì, ẹni tí olóògbé bá fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lé lọ́wọ́, kí lẹ ń pè é nílé yín?