Ẹ jọ̀ọ́, seramiki tí mo fọ́n sára ìbọn bàbá mi ń ṣí

Ọmọ Ọdẹ Mọ́níyà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbọn ọdẹ bàbá mi, ó ní láísẹ́ǹsì o, òjò ti jẹ́ kó dógùn-ún, mo wá ra Cerakote H, ọ̀dà seramiki tí wọ́n máa ń yan nínú ófùn kó tó le, mo fọ́n ọn sí i nílé. Ó kọ́kọ́ dán, àmọ́ ní ọjọ́ kẹta ló ti ń ṣí bí èèpo ẹyin. Kẹrosíìnì ni mo fi fọ̀ ọ́.

Àkànní Bódìjà: Háà, kẹrosíìnì kẹ̀! Òróró ẹ̀ kì í tán lára irin. Ẹ rẹ ẹ́ sínú acetone, omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, kẹ́ ẹ wá fi sínú ófùn gbígbóná fún wákàtí kan, ẹ máa rí i tí epo àtijọ́ á máa làágùn jáde lẹ́nu ihò síkúrù, ẹ tún un fọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kí àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n iyanrìn sí rímù ọkọ̀ bá yín ha ojú ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án mọ́.

Ìyá Ìbejì Apẹ́tẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ṣé iná ò lọ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń yan án? H gbọ́dọ̀ gba 121°C fún wákàtí 2. Tí iná ò bá dúró, ẹ ra Cerakote C, afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ ẹ́, ọjọ́ 5 ló máa tó le dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ófùn oúnjẹ o, aṣọ ìbomú lásán ò sì tó.

Ọmọ Ọdẹ Mọ́níyà: Iná lọ lóòótọ́, ìṣẹ́jú 40 péré ni ìbọn náà lò nínú ófùn. Ẹ ṣé gan-an, màá ha gbogbo ẹ̀ dànù.