"Gbọ́" nìkan ò lè gbé e: ọ̀rọ̀ tó yẹ fún ọmọ tó ń ṣi ìró pè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń ka ohun tẹ́ ẹ ń kọ lórí orúkọ tó yẹ ká fún ohun tí olóyìnbó ń pè ní speech perception, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń dá ìró inú ọ̀rọ̀ mọ̀ tó bá gbọ́ ọ. Ẹnì kan ní "ìgbọ́rọ̀", ẹnì kan ní "etí inú", ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Ílọrin ní "ìdárómọ̀". Mo kọ́kọ́ dákẹ́, àmọ́ àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn ni mò ń tọ́jú lójoojúmọ́ níbí ní Kubwa l'Ábùjá, ẹ jẹ́ n dá sí i.

Ẹrù tó wà lórí "gbọ́" ti pọ̀ jù. À ń gbọ́ ariwo, à ń gbọ́ Yorùbá, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí òbí lẹ́nu, kódà òórùn gan-an à ń gbọ́ ọ. Tí n bá wá sọ fún màmá kan pé ìṣòro ìgbọ́rọ̀ ló ń yọ ọmọ ẹ̀ lẹ́nu, nǹkan méjì ló máa rò, pé ọmọ òun ti di adití, àbí pé olóríkunkun ni. Bàbá kan ti fa ọmọ ẹ̀ létí níwájú mi torí mo lo ọ̀rọ̀ yẹn, ó dùn mí dé egungun, torí ọ̀rọ̀ tí èmi yàn ló fà á.

Ẹ gbọ́ ti ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún márùn-ún, tó jẹ́ pé gbogbo k ló ń sọ di t. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, wọ́n fi báńdéèjì wé ìka ẹ̀, ó ní "Àǹtí, ìta ń ro mí." Mo ní "Ìta ń ro ẹ́?" Ojú ẹ̀ le, ó ní "Rárá o! Ìta!" ó sì na ìka ọ̀hún sí mi. Mo ní "Ṣé ìka?" Ó ní "Ẹ̀n-ẹ́n, ìta." Mo wá gbé káàdì méjì síwájú ẹ̀, ọ̀kan fọ́tò ìka, ìkejì fọ́tò ìta ilé, mo fi ìwé bo ẹnu kó má bàa wo ètè mi, mo ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń da ètò ẹ̀ rú, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà tí mo wá gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù tí mo jẹ́ kó gbọ́ ọ, ìta tó jáde lẹ́nu òun fúnra ẹ̀, fọ́tò ìka ló fọwọ́ lé! Ní 1960, Jean Berko àti Roger Brown, àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè, kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ nípa ọmọ òyìnbó kan tó ń pe fish ní fis, tí àgbà bá pè é bẹ́ẹ̀ fún un, ọmọ yẹn ò ní gbà.

Ṣé ẹ wá rí i? Etí ọmọ yìí ò ní nǹkan kan. Tẹlòmíì ló ń dá mọ̀, ti ẹnu ara ẹ̀ ni kò tíì dá mọ̀. Àwọn míì sì wà, tí mo bá pe ìka, ìta ni wọ́n ń fọwọ́ kàn, etí la máa ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn yẹn ká tó dé ọ̀dọ̀ ẹnu. Ọ̀rọ̀ tá a máa yàn gbọ́dọ̀ lè ya àwọn ọmọ wọ̀nyí sọ́tọ̀ síra wọn.

"Etí inú" ò ṣeé lò, ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ ti apá etí tó wà lọ́hùn-ún nínú agbárí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún dókítà. Ti ẹ̀gbọ́n wa ará Ìlọrin ló sún mọ́ ọn jù, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pè é sókè: ìdárómọ̀. Ẹni tí ò bá rí i lákọsílẹ̀, ó máa rò pé ẹnì kan ń dáró ni, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe àdìrẹ. Ẹ jẹ́ kí ìró dá dúró láàyè ara ẹ̀: ìdámọ̀ ìró. Ó tún dáa torí a ti ń sọ pé ìró kọ́ńsónáńtì, ìró fáwẹ̀lì, ìró ohùn, ọmọ tí igbá àti igba àti ìgbà dà pọ̀ mọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí gbà á náà. Ẹni tó ní ká máa pe ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ tó ń ṣi ìró pè ní "àrùn ẹnu" náà, ẹ má bínú, eyín tó jẹrà ni màmá máa rò. Ìṣòro ìpè ti tó.

Èyí tó kù ni àwọn ọ̀rọ̀ méjì méjì tá a fi ń kọ́ wọn, àwọn tó jẹ́ pé ìró kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti mú ìwé olóyìnbó, key àti tea, wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí kọ́kọ́rọ́ àti tíì, wọ́n wá ń bi ọmọ pé kí ló yàtọ̀ níbẹ̀! Gbogbo ẹ̀ ló yàtọ̀ jàre, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìka àti ìta la nílò, àbí ẹni tó ń ka ẹyin àti ẹni tó ń ta ẹyin, nǹkan tọ́mọ náà ń rí lọ́jà Kubwa. "Ọ̀rọ̀ ìbejì" ni mo ń pè wọ́n fún àwọn màmá, kíá ni wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n, ìbejì jọra, síbẹ̀ ohun kan ṣoṣo lo fi ń mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó tọ́ ọmọ o. Èyí tí màmá-màmá ẹ̀ láti Ìbàdàn tọ́, tó ń pe òṣì ní òsì, kò ní ìṣòro kankan, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé nìyẹn. Èyí tó ń bá àwọn ọmọ Hausa ṣeré látàárọ̀ tó ń sọ gb di b náà, ẹ rọra, Hausa ò ní gb.

Ọjọ́ Fúráìdè ni mo fẹ́ tẹ fọ́ọ̀mù tuntun fáwọn òbí. Ìdámọ̀ ìró, ìṣòro ìpè, ọ̀rọ̀ ìbejì, àwọn ni mo máa kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, ẹ jọ̀ọ́, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ kó tó di Tọ́sìdè.