Ẹ gbà mí o: báwo ni mo ṣe máa fi dátà ránṣẹ́ sí service tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Áàpù Android kan ni mò ń ṣe fáwọn ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, kí wọ́n lè máa kọ ọjà tí wọ́n tà sílẹ̀, irú ẹja, iye owó, ẹni tó rà á láwìn, wọ́n á sì ya fọ́tò ẹja mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ti tẹ "fi pamọ́", service kan, ìyẹn apá áàpù tó ń ṣiṣẹ́ láìsí lójú fóònù, ló yẹ kó gbé e lọ sí sẹ́fà, kí ìyá náà máa bá kọ́sítọ́mà ẹ̀ lọ. Inú Intent, ìyẹn bíi lẹ́tà tí apá áàpù kan fi ń ránṣẹ́ sí òmíràn, ni mo kó gbogbo ẹ̀ sí, mo sọ fọ́tò di byte mo fi putExtra tì í bọ̀ ọ́. Tí fọ́tò bá kéré ó ń lọ, tó bá tóbi díẹ̀ báyìí áàpù á kàn kú, TransactionTooLargeException ló ń kọ, pé ẹrù ti tóbi jù. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé tí fóònù bá pa service yẹn tó tún jí i dìde, Intent ń dé lófìfo ni, ọjà tí ìyá oníyàá tà ti lọ nìyẹn. Owó èèyàn ni o. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n ṣe?

Ará Ìkòròdú: Àbúrò, fọ́tò yẹn ló ń dá a dùbúlẹ̀. Ohun tó bá wọnú Intent, Binder, ọ̀nà tí Android ń gbà gbé dátà kiri, ló ń gbé e, àyè tí Binder sì ní ò ju 1MB lọ, kì í ṣe fún Intent kan ṣoṣo o, gbogbo ohun tó ń kọjá nínú áàpù yẹn lásìkò kan náà ló jọ ń pín in, ìdí nìyẹn tí fọ́tò tí ò tiẹ̀ tó 1MB fi lè pa á. Kọ fọ́tò sínú fáìlì ní filesDir, ìyẹn àpò fáìlì tí áàpù ní fúnra ẹ̀, kọ ọjà náà sínú Room, ìyẹn database orí fóònù, id ẹ̀, nọ́ńbà ìdámọ̀ ẹ̀, nìkan ni kó o fi ránṣẹ́. Téèyàn bá rán ọmọ lọ gba ẹrù ní èbúté Ìpakodò, nọ́ńbà ẹrù là ń fún un, a kì í gbé ẹrù lé e lórí látilé.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n mi. Intent tó ń dé lófìfo ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Àgbádárìgì: Ó ní láti jẹ́ START_STICKY lo dá padà nínú onStartCommand, ibi tí service ti ń gba Intent. Ìyẹn á jí service dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní mú Intent tó kẹ́yìn wá, null, ìyẹn òfìfo, lo máa bá. START_REDELIVER_INTENT ló ń gbé e padà wá. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní lo service rárá síbí. Látìgbà tí Android 8 ti dé lọ́dún 2017 ni wọn ò ti gbà kí áàpù tí ò sí lójú fóònù ṣàdédé máa pe startService mọ́, tó o bá sì gba ọ̀nà startForegroundService, o gbọ́dọ̀ pe startForeground láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 kí notification yọ, Android 14 tún ní kó o kọ irú iṣẹ́ tó jẹ́ sínú manifest, fáìlì tí áàpù fi ń ṣàlàyé ara ẹ̀ fún Android. Wàhálà yẹn pọ̀ jù jàre. WorkManager ni kó o lò, ohun èlò Android tó ń tọ́jú iṣẹ́ títí á fi di ṣíṣe. Inú database tiẹ̀ ló ń kọ iṣẹ́ sí, fóònù ìbáà kú kó tún tàn, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Fi NetworkType.CONNECTED sí i, kò ní gbéra àfi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, o sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe létí ọ̀sà. Data tó ń gbà ò ju 10KB lọ ṣá, torí náà id yẹn náà ni.

Àǹtí Erédò: Ẹ jẹ́ n gbẹnu sọ fáwọn ìyá wa. Ìyá tó ń ta òbòkún ò fẹ́ gbọ́ WorkManager, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ṣé ọjà òun ti wọlé. Fi àyè kan sínú Room tó máa sọ "ó ti lọ" tàbí "ó ṣì ń dúró", kí ojú ìwé máa fi Flow, tó ń mú ìyípadà wá bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, wò ó. Èkejì, jọ̀ọ́ má gbàgbé èyí: nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já lẹ́yìn tí sẹ́fà ti gba ọjà kí èsì tó padà dé, Worker, ìyẹn kóòdù tí WorkManager ń bá ẹ ṣe, á ní kò lọ, á tún gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó jẹ gbèsè ẹja kan á wá bá méjì lórúkọ ẹ̀, ìjà ọjà ló máa bí. Orí fóònù ni kó o ti ṣe UUID, ìyẹn àmì ìdámọ̀ tí kì í ní ìkejì, fún ọjà kọ̀ọ̀kan, kí sẹ́fà má gba ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Àǹtí, ẹ ṣeun, mi ò tiẹ̀ ronú débẹ̀. Tí wọ́n bá wá lọ sí settings lọ tẹ force stop ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Àgbádárìgì: Iṣẹ́ á dúró títí wọ́n á fi ṣí áàpù padà, lẹ́yìn náà á máa lọ. Ọjà ò ní sọnù, Room ló wà. Tí sẹ́fà ò bá dáhùn, Result.retry() ni kó o dá padà, fúnra ẹ̀ ló máa dúró díẹ̀ kó tó tún gbìyànjú.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ibo ni kí n ti dín fọ́tò kù, kí n tó kọ ọ́ sí fáìlì àbí nínú Worker?

Ará Ìkòròdú: Nínú Worker, kí ojú fóònù má baà gan nígbà tí kọ́sítọ́mà dúró sí ìyá lọ́rùn.