Ìdáhùn: Kí ni kọfí ṣe tí wọ́n fi mú un? (lórí «ilé ìmúkọfí» àti ìsọ̀)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àríyànjiyàn.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi panu mọ́. Mo ní kí n má di àgbà tó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan kọ ọ́ síbí lálẹ́ àná pé «ọ̀rọ̀ tuntun náà ti wọlé, ẹ jẹ́ ká máa lò ó», ara mi ò gbà á mọ́. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tí àbúrò wa kọ́kọ́ kọ nìyí, pẹ̀lú àmì ohùn bó ṣe fi í sí i:

«Lánàá mo ṣe àbẹ̀wò sí ilé ìmúkọfí àdúgbò kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin. Mo ní kọfí dúdú kan. Ó jẹ́ ìrírí tó dára.»

Ó wá fi kún un pé òun lòun dá ọ̀rọ̀ náà, «ilé ìmúkọfí», sílẹ̀, pé òun ò tíì rí ẹni tó dá irú rẹ̀ rí. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, mo gbà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí àmì òkè tó fi sórí mú nínú ìmúkọfí yẹn bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló lé oorun lójú mi. Mu, ohùn àárín, ni à ń fi omi ṣe. Mú, ohùn òkè, olè là ń mú, ewúrẹ́ tó ja okùn là ń mú, òtútù náà a máa múni. Ilé ìmúkọfí, bí a bá kà á bó ṣe wà, ilé tí wọ́n ti ń mú kọfí ni. Ṣé kọfí jalè ni? Ta ló fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan rọra pe àkíyèsí rẹ̀ sí i, mo rò pé ọmọ náà yóò ní ọwọ́ òun ló yọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí ọ̀rọ̀ tán. Rárá o. Òfin ló gbé jáde. Ó ní ì- tó wà níwájú ló ń ti ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe lọ sókè. Níbo? Lò di ìlò, rìn di ìrìn, fẹ́ di ìfẹ́, oníkálukú gbé ohùn rẹ̀ dání kọjá. Mu yóò di ìmu, kò ní di nǹkan mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀mùtí dá mi lóhùn. Ìsàlẹ̀ ni ohùn ibẹ̀ lọ, kò gòkè.

Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìmukọfí ló kọ, kí ni ìmu ń wá níbẹ̀? Ilé ọtí là ń wí, a kì í wí pé ilé ìmutí. Ilé epo, kò sí ìrà, kò sí ìtà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ ṣìnà. Àwọn ará Tọ́kì tó ti ń jókòó mu ún ṣáájú ọ̀pọ̀ ayé, kahvehane ni wọ́n pè é: kahve ni kọfí, hane ni ilé, ó parí. Nǹkan bí ọdún 1555 ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní Istanbul. Ti London dé ní 1652. Ilé kọfí lásán ni gbogbo wọn. Àwọn Faransé tilẹ̀ ṣe ọ̀lẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ: café ni ohun mímu, café náà ni ibi tí wọ́n ti ń mu ún, ọ̀rọ̀ kan ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì. Àwa nìkan la máa ń fẹ́ kó gbogbo gírámà wọ inú orúkọ kan bí ẹni ń di ẹrù àrìnrìn-àjò. Ẹni tó dá asọ̀rọ̀mágbèsì sílẹ̀ fi ẹ̀fẹ̀ sí i, ó gùn ṣùgbọ́n ó dùn létí, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ẹ ò gbàgbé. Síbẹ̀ náà, títí dòní, rédíò là ń tàn.

Àgbà kan níbí sọ pé kọfí pàápàá kò dára, pé ká má ti ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbà á, pé gahawa ni Hausa ń pè é, pé ọ̀nà ọ̀hún náà ni àlùbọ́sà gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá o. Òótọ́ ni pé Lárúbáwá ló ni ín: qahwa di kahve lẹ́nu ará Tọ́kì, ó di koffie lẹ́nu Dọ́ọ̀ṣì, kó tó kan Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tí kò yá a nínú wọn. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà gbé orúkọ tirẹ̀ lọ́wọ́ dé, kọfí náà gbé tirẹ̀ dé, a kì í lé àlejò padà sẹ́nu ọ̀nà pé kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ti ẹni tó ní kọ́fì ló yẹ ká máa kọ, nítorí pé ṣúgà, mọ́tò àti táyà ń ti òkè bọ́ sílẹ̀, òfin ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu àwọn èèyàn ni kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò ní jà lórí ìyẹn.

Kí n má ṣìkà. Nínú ìwé rẹ̀ kejì, ọmọ yìí pe ẹni tó ń ṣe kọfí náà ní apokọfí. Mo ṣí fìlà fún un. Apòògùn ló wò ṣe é, ó sì mọ̀ pé pò, olóhùn ìsàlẹ̀, a máa di po bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: pò ó, po òògùn, apokọfí. Ẹ di òfin kékeré yìí mú, a ó padà sí i.

«Mo ṣe àbẹ̀wò sí ilé ìmúkọfí». Ah! Aláìsàn là ń bẹ̀ wò. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ là ń bẹ̀ wò, àti ìyá ìyàwó. Ẹni tí a bẹ̀ wò gbọ́dọ̀ lè ní «o ṣeun tó o wá». Ta lo bẹ̀ wò níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń lọ kọfí? Ẹni tó ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ tó wá wọ ibì kan, ó yà ni. Yà: lẹ́tà méjì péré, ọ̀nà wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìkánjú náà wà níbẹ̀. Mo yà mu kọfí. Kí ló kù? Àfi «mo ní kọfí», bí ẹni ní ilé ní ilẹ̀. O mu ún ni. «Àdúgbò kékeré kan» ńkọ́, àdúgbò ló kéré ni àbí ilé? Ti «ìrírí tó dára», mi ò fọwọ́ kàn án. Kó sọ fún wa bóyá kọfí náà dùn tàbí kò dùn.

Ó wá ku ibùdókọ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo yín ló ń lò ó, ìwé ìròyìn ń lò ó, mi ò lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo dá odò padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo dó. Ẹni tó dó ti kó ẹrù, kó ọmọ, ó ti pàgọ́. Ogun a máa dó ti ìlú. Baba ńlá ẹni ló tẹ̀ ẹ́ dó. (Iṣẹ́ kejì tí dó ń ṣe nínú èdè wa, ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n wí i.) Ọkọ̀ ojú irin kì í dó. Ó dúró díẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, ilẹ̀kùn tì, ó ti lọ. Ibi tí ọkọ̀ dó sí, ibi tí ọkọ̀ bàjẹ́ sí ni.

Màmá tó bí bàbá mi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Rélùwéè ni ọkọ̀ náà lẹ́nu wọn, ibùsọ̀ sì ni ibi tó ti ń dúró. Ibùsọ̀ rélùwéè. Ibùsọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ń ka bí ọ̀nà ṣe jìn tó: ibùsọ̀ mẹ́rin, ibùsọ̀ mẹ́wàá. Bí ẹrù bá sì ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọn á ké láti ẹnu ọ̀nà, «ẹ sọ̀ mí o!», ẹni tó bá wà nítòsí á sáré bá wọn gbé e kalẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mi ò mọ̀ pé gírámà ni wọ́n ń kọ́ mi. Sọ̀ mí, sọ ẹrù: ẹ ò rí i pé òfin pò àti po náà ni? Ibi tí a ti ń sọ̀ ni ibùsọ̀, bí ibi tí a ti ń jókòó ṣe jẹ́ ibùjókòó. Ibi tí ọlọ́jà sọ ọjà rẹ̀ sí ni ìsọ̀: ìsọ̀ aṣọ, ìsọ̀ ata, ìsọ̀ ẹran. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ọ̀kan lọ dúró sójú ọ̀nà, èkejì wọjà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé ọ̀hún rèé. Ohun tó wà lẹ́bàá ibùsọ̀, tó kéré, tí èèyàn ń yà sí, ìsọ̀ kọfí ni.

Ọ̀mọ̀wé wa kan (wọ́n fẹ́ ká máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀) ti kọ ọ́ síbí pé ìsọ̀ kò kan ẹrù rárá, pé sọ̀ tó wà nínú sọ̀rọ̀ ni, nítorí pé ibi tí a ti ń pariwo nájà ni. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí ìsọ̀ kọfí fi yẹ, ibi ọ̀rọ̀ sísọ ni. Wọ́n gbè mí, ṣùgbọ́n wọ́n gbè mí lọ́nà òdì, mi ò fẹ́. Sọ ni ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn, ohùn àárín. Sọ àti ọ̀rọ̀ ló pàdé tó di sọ̀rọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n rí lórí sọ̀, ti ọ̀rọ̀ ni, ó jogún bá a ni. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ kúrò, ẹ wò ó bóyá ohùn ìsàlẹ̀ náà yóò dúró: ó sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń wí pé ó sọ̀ ọ́, àfi bó bá jẹ́ pé ẹrù ló wà lórí ẹni náà. Nígbà tí mo wí báyìí lọ́jọ́sí, èsì tí wọ́n fún mi ni pé níbo ni mo ti kàwé. Ẹ̀yin ará, mo ti wà lórí àga ìkẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí àkọtọ́ 1974, ìlànà tuntun fún kíkọ Yorùbá, sọ aiye di ayé. Mo ṣì ní ìwé tí mo fi bírò pa á rẹ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ibi tí a ti kàwé, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tó kọ́ wọn pé sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì.

Kí n má jókòó sílé máa fi ẹnu jà, mo yà sí irú ibẹ̀ fúnra mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tábìlì mẹ́rin, àti pákó gbọọrọ kan lẹ́bàá fèrèsé fún ẹni tí kò ráyè jókòó. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ̀. Ilẹ̀ á gbọ̀n díẹ̀, ṣíbí á máa dún ṣìnìn nínú ife, apokọfí náà á sì dákẹ́ títí yóò fi kọjá, nítorí ohùn rẹ̀ kò ní jáde. Mo jókòó síbẹ̀ wákàtí kan ó lé, mò ń wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó wọlé tó kọ́kọ́ béèrè kọfí. Àpò ni. Ẹni tó gbé e kọ́ èjìká yọ ọ́, ẹni tó ń wọ́ ọ nílẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì, obìnrin kan tó pọn ọmọ tú ọmọ sílẹ̀, gbogbo wọn á mí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ń gbójú sókè wo ohun tí wọ́n ń tà. Ọkùnrin kan ò tilẹ̀ ra nǹkan kan. Ó gbé ẹrù kalẹ̀, ó na ọrùn sọ́tùn-ún, ó nà án sósì, ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó gbé ẹrù ẹ̀, ó lọ. Mo fẹ́ dìde lọ sọ fún un pé òun lẹ́rìí mi.

Ìyá wa kan tí mi ò lè dá lóhùn bó ṣe wù mí, nítorí wọ́n jù mí lọ, ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìsọ̀ kò nílẹ̀kùn, kò ní àga fún oníbàárà. Èèyàn a dúró níwájú ìsọ̀, a ra nǹkan, a máa lọ. Bó bá ti lè jókòó, ilé ni. Mo ní ti àwọn ńláńlá inú ìgboro nìyẹn, wọn ì báà jẹ́ ilé kọfí, mo fara mọ́ ọn; ti ẹ̀bá ibùsọ̀ yìí, ìdajì àwọn oníbàárà ni kì í jókòó. Wọ́n ní ìdajì kejì ńkọ́? Mi ò tíì fèsì. Mo ń rò ó.

Mo fẹ́ fi í síbẹ̀ kí n lọ sùn, ni ìdáhùn àbúrò wa bá wọlé. Ó kí mi dáadáa, ó pè mí ní bàbá, ó ní òun ti ka gbogbo rẹ̀, òun sì gbà. Ó ní láti òní lọ, òun ti yí i padà sí «ìsọ̀ ìmúkọfí».

Àmì òkè náà ṣì wà lórí rẹ̀, ó dúró ṣánṣán.